Ojúlówó àti Ẹ̀dà: Bí A Ṣe Ń Dá Ìbọn Ìléwọ́ Ogun Àtijọ́ Mọ̀

Ẹ̀dà ìbọn ìléwọ́ ogun ni èyí tí ilé-iṣẹ́ òde òní rọ ní àwòṣe ìbọn tí àwọn ọmọ ogun kan ti lò rí. Ó jọ ti àkọ́kọ́ ní ìrísí àti ìwọ̀n, nígbà mìíràn ó sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀dà yàtọ̀ sí ayédèrú. Ayédèrú ni èyí tí wọ́n tẹ orúkọ onílé-iṣẹ́ mìíràn sí lára kí ó lè tà bí ojúlówó. Ẹ̀dà tòótọ́ ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́, orílẹ̀-èdè tó ti wá, nígbà mìíràn ọdún tí wọ́n dán an wò, gbogbo rẹ̀ ló wà lára irin fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà.

Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lè dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú Ìwó nílẹ̀ Yorùbá: ọdẹ, olórí ẹbí tó ń tọ́jú ẹrù àwọn baba ńlá, òṣèré tó ń wá ohun èlò eré, tàbí ẹni tó ti òkè òkun kó ẹrù wálé. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí olúkúlùkù wọn lè dáhùn: kí ni nǹkan yìí, ta ló rọ ọ́, kí sì ni òfin Nàìjíríà sọ nípa rẹ̀?

Ẹ̀dà tí Ìwó ti mọ̀ tipẹ́

Ẹ̀dà ìbọn ogun kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ṣàkàbùlà tó wà lọ́wọ́ ọdẹ fúnra rẹ̀, àwòṣe ìbọn ogun òkèèrè ni. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi lo ìbọn gígùn tí wọ́n ń pè ní Brown Bess. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i, akọ òkúta ló sì ń ṣáná sí ẹ̀tù náà. Láti nǹkan bí ọdún 1840 ni wọ́n ti ń pa irú rẹ̀ tì nínú iṣẹ́ ogun. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rọ ìbọn ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Liège nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń rọ ọ́ fún ọjà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní òǹtẹ̀ “Tower” lára, èyí tó jẹ́ àmì ilé ìkóhun-ìjà-sí ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá rí. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ṣàkàbùlà, Dane gun, wá láti ara àwọn ará Dẹ́ńmáàkì tí wọ́n ní ilé ìṣòwò ní Christiansborg ní Àkrà.

Nígbà ogun Kírìjì, láti ọdún 1877 títí di 1886, ìyàtọ̀ láàárín ìbọn àtijọ́ àti tuntun hàn kedere. Ìwó wà lábẹ́ agbára Ìbàdàn nígbà náà. Ṣàkàbùlà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn gbé, ṣùgbọ́n àwọn Èkìtìparapọ̀ tí wọ́n ń bá wọn jà rí ìbọn tí a ń ti ìdí kì gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ará wọn tó wà ní Èkó, ó sì yí ìjà náà padà. Ní ọdún 1890, àdéhùn tí àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe ní Brussels fòfin de kíkó ìbọn tuntun wọ apá tó pọ̀ jù nínú Áfíríkà, àfi ìbọn olókùúta tí kò ní ìlà nínú ọ̀pá àti ẹ̀tù lásán. Ìdí pàtàkì kan nìyí tí ìbọn tí Yúróòpù ti gbàgbé fi dúró lọ́wọ́ ọdẹ wa. Àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Yorùbá náà wò ó, wọ́n rọ irú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀dà ẹ̀dà ni púpọ̀ nínú ṣàkàbùlà tó wà nílẹ̀ lónìí.

Ìtàn yìí kọ́ni ní ẹ̀kọ́ tó wúlò fún ìbọn ìléwọ́ pẹ̀lú: ìrísí ìbọn kì í sọ ọjọ́ orí rẹ̀, orúkọ ńlá tó sì wà lára rẹ̀ kì í sọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́.

Oríṣi mẹ́rin tó wà

Oríṣi kìíní ni ti ara ògiri. Ilé-iṣẹ́ Denix ní erékùṣù Menorca, nílẹ̀ Sípéènì, ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1966. Àdàlù irin tí síǹkì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń dà á. Àwọn ohun tó ń ṣí tó sì ń padé lára rẹ̀ lè máa lọ bíi ti gidi, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é láti yìn.

Oríṣi kejì ni ti afẹ́fẹ́ àti ti ariwo. Ti afẹ́fẹ́ ń fi gáàsì inú agolo kékeré ta ọta kóróńkóró. Umarex ti ilẹ̀ Jámánì ń ta ọ̀pọ̀ tó jọ ìbọn ogun tí gbogbo ayé mọ̀. Ti ariwo kì í ta ọta, ìró àti èéfín nìkan ló ń mú jáde. Ekol àti Zoraki láti ilẹ̀ Tọ́kì wà lára àwọn tí orúkọ wọn wọ́pọ̀. Ti ariwo yìí léwu púpọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn ọ̀daràn máa ń sọ ọ́ di ìbọn tó ń pànìyàn, ìrísí rẹ̀ nìkan sì ti tó láti dá ìpayà sílẹ̀.

Oríṣi kẹta ni ti ẹ̀tù dúdú, tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Agbègbè Brescia ní àríwá Ítálì, pàápàá ìlú Gardone Val Trompia, ni orísun rẹ̀. Pedersoli bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1957, Uberti tẹ̀ lé e ní ọdún 1959, Pietta náà sì dìde nítòsí wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ ṣe ìrántí ogun abẹ́lé wọn, èyí tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 1961, ló kọ́kọ́ fún wọn níṣẹ́. Ìbọn gidi ni oríṣi yìí, ó sì ń pànìyàn bí ti ayé àtijọ́ ti ṣe.

Oríṣi kẹrin ni ti kátírììjì. Ìrísí ìbọn ogun àtijọ́ ló ní, ṣùgbọ́n irin tuntun ni, ọta tó ń tà lọ́jà lónìí ló sì ń jẹ. Armscor ti Marikina ní ilẹ̀ Filipíìnì, Tisas ti Trabzon àti Girsan ti Giresun nílẹ̀ Tọ́kì, àti Norinco ti Ṣáínà ni àwọn orúkọ tí a sábà máa ń bá pàdé lára wọn.

Àwọn àwòṣe tí a máa ń bá pàdé

*Colt Navy ti 1851.* Samuel Colt ti Amẹ́ríkà ló ṣe é. Àgbá rẹ̀ tó ń yí ń gba ọta mẹ́fà, ọ̀pá rẹ̀ sì ní igun mẹ́jọ. Àmì kan wà tó rọrùn láti rí. Irin ni Colt fi ṣe egungun ìbọn yìí, ìyẹn apá tó di àgbá àti ìdí mú. Kìkì òrùka tó yí ibi tí ìka ń fà ká àti ẹ̀yìn ìdí ni ó máa ń jẹ́ idẹ. Bí gbogbo egungun náà bá ń dán bí idẹ, kì í ṣe Colt. Ó lè jẹ́ ti àwọn ará ìpínlẹ̀ gúúsù nílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n da irú rẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé torí àìtó irin, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ẹ̀dà Ítálì ni ó máa ń jẹ́.

*M1911.* John Browning ló gbé e kalẹ̀, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì gbà á ní oṣù kẹta ọdún 1911. Ó ń jẹ ọta .45, ilé ọta rẹ̀ ń gba méje. Òun ni wọ́n ń lò títí di ọdún 1985 tí Beretta ti Ítálì fi gba ipò rẹ̀. Òǹtẹ̀ tó ń sọ pé ohun ìní ìjọba Amẹ́ríkà ni máa ń wà lára ti àwọn ọmọ ogun. Nínú àwọn tó rọ ọ́ nígbà ogun àgbáyé kejì ni Singer wà, ilé-iṣẹ́ tí gbogbo aránṣọ mọ̀ nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kìkì 500 ni Singer rọ. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni olówó fi ń wá a, tí àwọn ẹlẹ́tàn sì ń tẹ orúkọ Singer sára ìbọn mìíràn. Ẹni tó bá rí M1911 tí orúkọ Armscor (tàbí Rock Island, orúkọ ọjà rẹ̀), Tisas tàbí Norinco wà lára rẹ̀, ẹ̀dà tòótọ́ ló rí. Ẹni tó bá rí ti Singer gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro ti ayédèrú.

*Tokarev TT-33.* Ìbọn àwọn ọmọ ogun Soviet ni, ọta 7.62 mm ló ń jẹ, ilé ọta rẹ̀ ń gba mẹ́jọ. Ṣáínà rọ tirẹ̀, ó pè é ní Type 54. Yugoslavia rọ M57 tí ìdí rẹ̀ gùn díẹ̀ sí i kí ó lè gba mẹ́sàn-án. Rùmáníà, Póláǹdì àti Hungary náà rọ tiwọn. Ti Soviet kò ní irin kékeré tí a ń fi ọwọ́ sún láti ti ìbọn pa. Bí irú irin bẹ́ẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ̀dà tí wọ́n rọ tàbí tí wọ́n tún ṣe fún ọjà òkèèrè ni.

*Browning ti 1935.* Ilé-iṣẹ́ FN ní Bẹ́ljíọ̀mù ló rọ ọ́. Browning bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Dieudonné Saive sì parí rẹ̀. Ilé ọta rẹ̀ ń gba 13, ìyẹn sì jẹ́ ohun ìyanu nígbà náà. Ó súnmọ́ Nàìjíríà ju àwọn yòókù lọ: DICON, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1964, fi àwòṣe rẹ̀ rọ ìbọn ìléwọ́ NP1. Girsan ti Tọ́kì náà ń ta ẹ̀dà rẹ̀ báyìí.

*Luger.* Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Jámánì gbà á ní ọdún 1908. Ohun tó fi yàtọ̀ ni irin orí rẹ̀ tó ń ká bí orúnkún nígbà tí ó bá yìn. Ní àwọn ọdún 1990 wọ́n rọ ẹ̀dà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti inú irin tí kì í dípata. Wọn kò fi irú irin bẹ́ẹ̀ rọ Luger kankan fún ọmọ ogun Jámánì, nítorí náà Luger tí irin rẹ̀ kì í dípata kì í ṣe ìbọn ogun.

Kíka òǹtẹ̀

Òǹtẹ̀ ni ìwé ìbí ìbọn. Abẹ́ ọ̀pá, ẹ̀gbẹ́ egungun àti ìdí àgbá ni ó sábà máa ń wà. Ẹni tó fẹ́ kà á nílò ìmọ́lẹ̀ tó dára àti awò amúǹkan-tóbi. Kò nílò láti tú ohunkóhun.

Ní Yúróòpù, wọ́n máa ń dán ìbọn wò kí wọ́n tó tà á. Wọ́n á fi ẹ̀tù tó pọ̀ ju ti ìlò lọ yìn ín, bí kò bá bẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀. Ilé ìdánwò Birmingham ti wà láti ọdún 1813. Ti Liège ń lo lẹ́tà ELG nínú àpẹẹrẹ ẹyin. Láti ọdún 1893 ni wọ́n ti fi adé lé e lórí, nítorí náà ELG aládé kò lè jẹ́ ti ayé ogun Kírìjì. Ti Gardone ní Ítálì ń tẹ lẹ́tà PN sára ìbọn ẹ̀tù dúdú. Ó tún ń tẹ àmì ọdún: kí ó tó di 1975, nọ́ńbà Róòmù ni, láti 1975, lẹ́tà méjì nínú àpótí kékeré ni. Ẹni tó bá rí PN àti lẹ́tà méjì nínú àpótí lára ìbọn tí wọ́n ní Balógun kan gbé lọ sójú ogun ti rí ìdáhùn rẹ̀: ìbọn náà kò tíì pé ọgọ́ta ọdún.

Orúkọ orílẹ̀-èdè náà ń sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1890 ni òfin Amẹ́ríkà ti béèrè pé kí ọjà tó ń wọlé ní orúkọ ilẹ̀ tó ti wá. Lẹ́yìn òfin ìbọn ti ọdún 1968, orúkọ ẹni tó kó o wọlé àti ìlú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ìbọn pẹ̀lú. Gbólóhùn “Black Powder Only” lára ọ̀pá jẹ́ ti ẹ̀dà òde òní, nítorí ẹ̀tù mìíràn kò tíì sí nígbà tí wọ́n rọ àwọn àkọ́kọ́, kò sì sí ìdí tí wọn ì bá fi kọ ọ́. Ìkìlọ̀ gidi ni: ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín lè fọ́ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́.

Ohun tí ojú àti ọwọ́ lè rí

Irin òòfà ni ohun èlò àkọ́kọ́. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ irin, kì í lẹ̀ mọ́ síǹkì. Bí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá àti egungun ìbọn rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ara ògiri. Síbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ìkẹyìn, torí egungun idẹ náà kò ní gba òòfà, síǹkì sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìbọn ariwo.

Orí ìdè (skúrù) ìbọn ni èkejì. Ìdè tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú di ohun tí wọ́n ń lò ní àwọn ọdún 1930. Bí ó bá wà lára ìbọn tí wọ́n ní ó ti wà ṣáájú ìgbà náà, yálà ẹ̀dà ni, tàbí wọ́n ti tún un ṣe.

Ìpata ni ẹ̀kẹta. Ìpata tó fi ọdún púpọ̀ jẹ irin kì í dọ́gba. Ó máa ń jinlẹ̀ níbi tí òógùn ọwọ́ àti ẹ̀tù ti ń kàn án, ó sì fúyẹ́ níbi tí igi bò. Ìpata tí ẹlẹ́tàn fi oògùn tàbí iyọ̀ dá sílẹ̀ máa ń pọ́n bákan náà káàkiri, á tilẹ̀ wọ inú lẹ́tà òǹtẹ̀ tí etí rẹ̀ ṣì mú. Lẹ́tà tó mú bí abẹ tuntun nínú irin tó ti jẹrà jẹ́ àmì pé lẹ́yìn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Igi pẹ̀lú ní tirẹ̀: igi àtijọ́ máa ń sún kúrò létí irin bí ó ti ń gbẹ, ọwọ́ á sì ti fọ́ ọ dán níbi tí wọ́n ti ń dì í mú nìkan.

Ibi tí òfin dúró

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí òfin ilẹ̀ kan kò bá ti òmíràn mu. Ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ ka ìbọn tí wọ́n rọ ní ọdún 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ohun àtijọ́. Ó tún yọ̀ǹda fún ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tó ń lo ẹ̀tù dúdú láìsí kátírììjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó fẹ́ ìbọn ìléwọ́ ẹ̀tù dúdú láti fi yìn nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Ọmọ Ìwó tó rà á ní Houston láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lè rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin ìbọn Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1959, pín ìbọn sí ìpín mẹ́ta. Ìpín kẹta ni ṣàkàbùlà àti àwọn ìbọn gígùn tí òkúta tàbí fìlà bàbà kékeré ń tanná sí. Ìwé àṣẹ ni ọdẹ fi ń gbé e. Ìpín kejì ni ìbọn ọdẹ oníkátírììjì àti ìbọn afẹ́fẹ́. Àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ìpín kìíní ni èyí tí a kà léèwọ̀, àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Nínú rẹ̀ ni òfin to ìbọn ńlá ogun àti bọ́ǹbù sí, ó sì to gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ wọn. Ó tilẹ̀ dárúkọ ìbọn ìléwọ́ olókùúta àti ti fìlà bàbà kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọjọ́ orí wọn ti yọ wọ́n sílẹ̀. Nítorí náà, ìbọn gígùn olókùúta tí ọdẹ gbé kọ́ èjìká àti ìbọn ìléwọ́ olókùúta tó lè wọnú àpò kò sí ní ìpín kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ni iná wọn ṣe ń ràn. Ìjìyà ẹni tó ní ìbọn ìpín kìíní láìgba àṣẹ jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10.

Ti afẹ́fẹ́ náà ní ìdènà tirẹ̀. Ó wà ní ìpín kejì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ wà lára ọjà tí àwọn aṣọ́bodè kò gbà wọlé rárá. Àwọn aṣọ́bodè kì í sì í fojú kékeré wo ẹrù láti òkèèrè: ní oṣù kìíní ọdún 2017, wọ́n gba ìbọn ọdẹ onífífà 661 tí wọ́n fi ilẹ̀kùn irin bò mọ́lẹ̀ nínú kọ̀ńténà kan ní Èkó. Rírọ ìbọn àti títún un ṣe pẹ̀lú wà lábẹ́ òfin. Alágbẹ̀dẹ tí wọ́n bá gbé ẹ̀dà ìbọn ìléwọ́ wá fún kí ó “jẹ́ kó ṣiṣẹ́” ń fi ara rẹ̀ wewu.

Àwọn Yorùbá ti dá ẹjọ́ ẹ̀dà tí kò lè yìn kí òfin yìí tó dé: ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Ẹni tí wọ́n na ìbọn ara ògiri sí kò ní òòfà lọ́wọ́. Ọlọ́pàá tó bá rí i lọ́wọ́ ọ̀dọ́ lálẹ́ kò ní àyè láti ka òǹtẹ̀.

Bí irú rẹ̀ bá jáde

Àjà ilé àtijọ́, àpótí baba tó ti kú àti ẹrù òkè òkun ni ibi mẹ́ta tí ìbọn sábà máa ń jáde láti inú wọn. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe rí báyìí ní ẹsẹẹsẹ.

1. Kí a kà á sí ìbọn tó ní ọta nínú. Ẹ̀tù tí baba kì sínú ṣàkàbùlà tàbí ìbọn ìléwọ́ kó tó kú lè ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀tù gbígbẹ sì lè ràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.
2. Kí a má fa irin kankan lára rẹ̀, kí a má sì fi ẹnu rẹ̀ kọ ẹnikẹ́ni. Kí iná, sìgá àti ooru jìnnà sí i. Kí àwọn ọmọdé kúrò nítòsí.
3. Kí a má gbé e rìn ní ìgboro. Kí olórí ẹbí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó ṣàlàyé ohun tó wà nílé, kí àwọn ọlọ́pàá wá gbé e fúnra wọn. Ó dára kí Olúọdẹ tàbí àgbà ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ bá a lọ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.
4. Kí àwọn ọlọ́pàá tó gbé e, kí a ya àwòrán rẹ̀ níbi tó wà, kí a kọ ibi tí wọ́n ti rí i, ìtàn tí ẹbí ń sọ nípa rẹ̀ àti gbogbo òǹtẹ̀ tí ojú lè rí. Bí ó bá jọ ohun ìtàn, kí a sọ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo, nípasẹ̀ ọlọ́pàá, kí wọ́n má baà bà á jẹ́.
5. Kí ẹni tó wà lókè òkun má fi ẹ̀dà kankan sínú ẹrù tó ń bọ̀ wálé, ì báà jẹ́ ti ara ògiri.

Òṣèré kò nílò èyíkéyìí nínú oríṣi mẹ́rin náà. Igi tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ tí wọ́n kùn dúdú, tàbí rọ́bà tí wọ́n dà, ń ṣe iṣẹ́ eré láìséwu. Kódà fún ìyẹn, ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá àti àwọn ará àdúgbò kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà jáde, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan, kí ẹnì kan ṣoṣo máa pín in kí ó sì máa gbà á padà, kí iye tó jáde láàárọ̀ bá iye tó wọlé lálẹ́ mu.